Paul Ehrlich, Ẹni tí Ó Fi Aró Tú Àṣírí Ara

Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́bàá ìkòkò aró rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó ń mu aró bákan náà. Òwú a máa mu ún dáadáa. Ibi tí aládìrẹ bá fi ẹ̀kọ kùn kì í mu ún. Ọwọ́ aláró a sì máa dúdú fún ọjọ́ púpọ̀, bí ó ti wù kí ó fọ̀ ọ́ tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a rí èyí, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Jámánì tí kò lè bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ogún ọdún títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó fi ń wádìí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni ó dé tí aró kan fi ń di ohun kan mú ṣinṣin, tí ó sì ń fi èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Nínú ìbéèrè kékeré yìí ni ìmọ̀ púpọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ti jáde, àti ìmọ̀ nípa bí ara ti ń gbèjà ara rẹ̀, àti oògùn fún àrùn burúkú kan tí ó ti ń fi ojú aráyé gbolẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Orúkọ rẹ̀ ni Paul Ehrlich. Ọmọ Júù ni. A bí i ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1854 ní Strehlen, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Silesia tí ó wà lábẹ́ ọba Prussia nígbà náà. Lónìí, ilẹ̀ Pólándì ni ìlú náà wà, Strzelin sì ni wọ́n ń pè é. Ismar, baba rẹ̀, ní ilé-èrò, a sì máa pọn ọtí tà. Ṣùgbọ́n ará ilé ìyá rẹ̀ ni ó ṣí i lójú. Karl Weigert, ìbátan rẹ̀ níhà ìyá tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, jẹ́ oníṣègùn tí ń fi máíkíróskópù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wo ẹran ara. Òun ni ó kọ́kọ́ fi aró tuntun ìgbà náà kun kòkòrò àrùn kí ojú lè rí wọn.

Aró tuntun wo ni èyí? Ní ọdún 1856, ọmọdékùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan, William Perkin, tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, ń gbìyànjú láti fi ohun tí ó ti inú ọ̀dà èédú jáde ṣe kuníìnì, oògùn ibà. Kuníìnì kò jáde. Aró aláwọ̀ elésè àlùkò ni ó jáde. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ aró ní ilẹ̀ Jámánì fi gba iṣẹ́ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, aró pupa, aró aláwọ̀ ewé, aró aláwọ̀ ojú ọ̀run sì bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde láti inú ọ̀dà dúdú náà lọ́dọọdún. Aṣọ ni wọ́n ń ṣe wọ́n fún. Weigert àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n rí i pé wọ́n wúlò fún ohun mìíràn.

Ehrlich kàwé ní yunifásítì Breslau, ó tún kà ní Strasbourg, Freiburg àti Leipzig, nítorí àṣà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ náà ni láti máa ṣí kiri láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ènìyàn ń yìn. Kò fẹ́ràn àkọ́sórí, ìdánwò a sì máa ni ín lára. Ní Strasbourg, Ọ̀jọ̀gbọ́n Waldeyer tí ń kọ́ wọn nípa ẹ̀yà ara ṣàkíyèsí pé tábìlì ọmọkùnrin yìí kún fún àbààwọ́n oríṣiríṣi bí agọ̀ eégún. Ó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe, èsì tí ó sì gbà ni pé ó kàn ń dán nǹkan wò ni. Olùkọ́ mìíràn ì bá bá a wí, kí ó sì dá a padà sídìí ìwé. Waldeyer wo ohun tí ó wà lórí gíláàsì rẹ̀, ó rí i pé iṣẹ́ gidi ni, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó máa ṣe é lọ. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Wọ́n a tún máa sọ ọ́ pé nígbà tí Robert Koch, àgbà nínú ìmọ̀ kòkòrò àrùn, wá sí Breslau ní ọdún 1876, wọ́n fi Ehrlich hàn án gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó mọ aró kùn lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní yege nínú ìdánwò rẹ̀ láéláé.

Ó yege. Ní ọdún 1878 ni ó gba oyè dókítà ní Leipzig, aró kíkùn sì ni ìwé tí ó fi gbà á dá lé lórí. Ní ìgbà náà, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí kànìnkànìn ti ń fa omi mu ni ẹran ara ń fa aró mu. Ehrlich kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mímu lásán ni, kí ló dé tí aró kan yóò fi kọjá lára sẹ́ẹ̀lì mẹ́sàn-án láìdúró, tí yóò sì rọ̀ mọ́ ẹ̀kẹwàá? Ó dá a lójú pé ohun kan wà nínú ẹ̀dá aró náà tí ó bá ohun kan nínú ẹ̀dá sẹ́ẹ̀lì náà mu. Nínú ìwé kan náà ni ó ti fi sẹ́ẹ̀lì kan hàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà sọ́tọ̀ kedere rí, tí inú rẹ̀ kún fún hóró róbótó-róbótó tí ń mu aró lọ́nà tiwọn. Ehrlich rò pé oúnjẹ ni ó jẹ yó bẹ́ẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ tí ó jẹ mọ́ bíbọ́ ẹran kí ó lè sanra. Lónìí àwọn oníṣègùn mọ̀ pé kì í ṣe yíyó ni sẹ́ẹ̀lì náà yó. Ohun tí ń mú kí imú máa ṣàn kí ara sì máa yún ẹni tí nǹkan kò bá lára mu ni ó wà nínú àwọn hóró náà. Orúkọ náà ṣì wà síbẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Charité ní Berlin, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Frerichs, ẹni tí ó fún un láàyè láti máa wádìí bí ó ti wù ú. Ẹ̀jẹ̀ ni ó dojú kọ. Nígbà náà, ó ṣòro púpọ̀ láti mọ ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì funfun kan àti èkejì. Ehrlich a na ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, a fi ooru mú un gbẹ, a sì da oríṣi aró tí ìwà wọn yàtọ̀ síra lé e lórí. Sẹ́ẹ̀lì kan a mú èyí, òmíràn a mú ìyẹn. Èyí tí hóró inú rẹ̀ ń mú aró pupa tí ń jẹ́ eosin di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sọ ọ́ ní eosinophil, èyí tí ó túmọ̀ sí olùfẹ́ eosin. Títí di òní, bí dókítà bá rí i pé irú sẹ́ẹ̀lì yìí pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, yóò fura pé aràn lè wà nínú rẹ̀. Gbogbo ilé ìwòsàn tí ó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ máíkíróskópù lórí ilẹ̀ ayé, ipa ẹsẹ̀ Ehrlich ni wọ́n ń tọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta ọdún 1882, Koch dìde ní Berlin níwájú àwọn onímọ̀, ó sì fi kòkòrò tí ń fa ikọ́ ife hàn wọ́n. Ehrlich wà nínú àwùjọ náà. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, nítorí ó rí i pé ọ̀nà tí Koch fi kun kòkòrò náà pẹ́, kò sì mú un mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó padà sídìí aró rẹ̀. Ìtàn tí a ń sọ ni pé ó tẹ́ gíláàsì rẹ̀ sórí ààrò onírin tí kò ní iná kí wọ́n lè gbẹ mọ́jú, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin tí ń tọ́jú ilé wá, kò sì wo orí ààrò kí ó tó dáná. Ehrlich rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ó gbé wọn sábẹ́ awò, ó sì rí àwọn kòkòrò náà tí wọ́n hàn gbangba, wọ́n dúró gẹ́gẹ́ bí ìgbálẹ̀ tí ó já síta. Ooru ni ó mú kí aró wọlé. Ara kòkòrò náà ní èèpo kan tí ó dà bí ìda, bí aró bá sì ti wọ̀ ọ́ tán, ásíìdì pàápàá kò lè tètè fọ̀ ọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì yóò ti fọ gbogbo ohun tí ó yí i ká di funfun. Koch fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yìí. Àwọn ará Jámánì méjì mìíràn, Ziehl àti Neelsen, tún un ṣe díẹ̀ lẹ́yìn náà, orúkọ tiwọn ni ó sì mọ́ ọn lórí. Òun ni wọ́n ṣì fi ń wá ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, tiwa náà kò gbẹ́yìn.

Ní ọdún 1882 yìí kan náà ni ó ṣe ohun kékeré kan tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ó fi aró kan tí ń jẹ́ fluorescein sí ara ẹranko, ó sì ń wo bí omi inú ẹyinjú ti ń ṣàn, nítorí pé aró yìí a máa tàn yòò bí ewé tútù bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ó lo aró mìíràn, methylene blue, lára ẹranko alààyè, ó sì rí i pé ó wá àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri kàn, ó kùn wọ́n títí dé ṣóńṣó wọn. Ní ọdún 1891, òun àti Paul Guttmann fún aláìsàn ibà méjì ní methylene blue yìí, nítorí ó ti mọ̀ pé kòkòrò ibà a máa mu ún. Ara wọn yá. Bí a ti mọ̀ ọ́n, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi ohun tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ aró ja kòkòrò ibà lára ènìyàn.

Ṣùgbọ́n kí ọdún 1891 tó dé, ohun búburú kan ti ṣẹlẹ̀. Ehrlich ti gbé Hedwig Pinkus níyàwó ní ọdún 1883, ọmọbìnrin méjì sì ti dé. Ní ọdún 1888 ni ikọ́ mú un. Ó mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀, ó kùn ún gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kun ti àwọn aláìsàn, ó sì wò ó. Àwọn kòkòrò náà wà níbẹ̀. Aró tirẹ̀ ni ó sọ fún un pé ikọ́ ife ti wọ òun lára, ní ìgbà tí àrùn náà kò ní oògùn kankan. Òun àti aya rẹ̀ dìde, wọ́n lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ibẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Ó ṣe, ara rẹ̀ yá, wọ́n sì padà sílé. Ìwádìí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pin wá gba ọ̀nà mìíràn.

Kò ní iṣẹ́ nígbà tí ó dé. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́ tí ó fi ní yàrá ìwádìí kékeré kan ní Steglitz lẹ́bàá Berlin. Ibẹ̀ ni ó ti mú oró inú èso méjì tí àwọn ará ilé wa mọ̀ dáadáa: lárà, àti èso pupa olórí dúdú nì tí à ń pè ní ojú ológbò. Ó fún eku ní ìwọ̀n tí kò lè pa wọ́n, ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi lè gba ìwọ̀n tí ì bá pa ọ̀pọ̀ eku mìíràn lójú ẹsẹ̀. Eku tí ó ti gba oró lárà kì í bẹ̀rù oró lárà mọ́, ṣùgbọ́n oró ojú ológbò yóò pa á. Ohun ìgbèjà tí ara rẹ̀ ti ṣe, ọ̀tá kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Ìyá eku a sì máa fi í fún ọmọ rẹ̀ nínú wàrà. Ohun ìgbèjà yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní áńtíbọ́dì. Ehrlich rí i pé ìbéèrè àtijọ́ rẹ̀ ni ó tún padà wá bá òun ní aṣọ mìíràn: bí aró ti ń yan sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni áńtíbọ́dì ń yan oró tirẹ̀.

Ní àkókò náà, difitíríà ń pa àwọn ọmọdé Yúróòpù bí ẹni pa eṣinṣin. Awọ kan a hù sí ọmọ lọ́nà ọ̀fun, a sì sé èémí mọ́ ọn nínú. Emil Behring àti Shibasaburo Kitasato, ará Japan, ti fi hàn ní ọdún 1890 pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí ó ti borí irú oró bẹ́ẹ̀ lè gba ẹranko mìíràn là. Ṣùgbọ́n ti òní a múná, ti ọ̀la a rọ̀. Dókítà kò mọ iye tí yóò fún ọmọ. Ehrlich ni ó kọ́ wọn bí a ti ń mú kí omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin lágbára, òun ni ó sì wá òṣùwọ̀n fún un. Ní ọdún 1894 ni ilé iṣẹ́ Hoechst, tí ń ṣe aró tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Owó ńlá wọlé. Ọwọ́ Behring ni èyí tí ó pọ̀ jù bọ́ sí, òun náà sì ni wọ́n fún ní Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1901. Ehrlich ti fi ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìrètí kan tí kò ṣẹ, àárín àwọn méjèèjì kò sì gún mọ́.

Níbi wíwá òṣùwọ̀n yìí ni ó ti rí ohun tí ó tóbi ju owó lọ. Oró inú ìgò a máa yí padà bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Oró tí ó ti pẹ́ kò lè pa ẹran mọ́ bí i ti àtijọ́, síbẹ̀ ó ń di áńtíbọ́dì mú gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dì í mú nígbà tí ó wà ní titun. Ó wá yé Ehrlich pé ọwọ́ méjì ni oró ní. Ọwọ́ kan ni ó fi ń di nǹkan mú, èkejì ni ó fi ń pani. Ọwọ́ apani sì lè rọ kí ọwọ́ adìmú má rọ. Nítorí náà kò fi oró ṣe òṣùwọ̀n. Omi ẹ̀jẹ̀ agbèjà tí ó gbẹ ni ó tọ́jú sínú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ó má bàa yí padà, òun ni ó sì fi ń wọn gbogbo ìyókù. Èyí jẹ́ ọdún 1897.

Láti inú èyí ni ó ti fa àlàyé rẹ̀ yọ nípa ibi tí áńtíbọ́dì ti ń wá. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ara ní àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ tí ó fi ń gba oúnjẹ. Bí oró bá di irú ọwọ́ kan mú, sẹ́ẹ̀lì a hu òmíràn rọ́pò, a tún hu òmíràn, títí yóò fi hu àhùjù. Àwọn àhùjù wọ̀nyí a já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì máa pàdé oró lọ́nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1900. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwòrán ọmọdé ni. Òótọ́ ni pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ó ń ṣe áńtíbọ́dì, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi wá mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì funfun yìí ń gbé áńtíbọ́dì sí ara rẹ̀ níta gẹ́gẹ́ bí ọwọ́, kí ó tó dà á sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ti kú tipẹ́. Ní ọdún 1908 ni òun àti Ilya Mechnikov, ará Rọ́ṣíà, jọ gba Ẹ̀bùn Nobel.

Ìjọba ti gbé ilé ìwádìí rẹ̀ lọ sí Frankfurt ní ọdún 1899, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí ó fi kú. Èèyàn kúkurú ni, awò ojú kò kúrò lójú rẹ̀, sìgá ńláńlá ni ó sì ń mu láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lóòjọ́. Kò ní jáde kí ó má há àpótí sìgá mọ́ abíyá. Oúnjẹ kò jẹ ẹ́ lógún. Ìwé àti ìgò kún orí àga rẹ̀ débi pé àlejò kì í rí ibi jókòó sí. Lálaalẹ́ ni ó ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ kejì fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lórí páálí aláwọ̀ oríṣiríṣi, aró kò sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ bá ń dùn mọ́ ọn, a máa yàwòrán rẹ̀ sí ibikíbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ìbáà ṣe ẹ̀wù rẹ̀, ìbáà ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èrò tí ó gbà á lọ́kàn nígbà ogbó rẹ̀ ni ti ọta abàmì tí kì í tàsé. Bí aró bá lè wá kòkòrò kàn láàárín ẹran ara, kí ni kò ní jẹ́ kí a so oró mọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀, kí ó lọ pa kòkòrò náà nìkan? Ní ọdún 1904, òun àti Kiyoshi Shiga fi aró pupa kan wo eku tí ó ní irú kòkòrò tí ń fa àrùn oorun. Lẹ́yìn náà ni ó yà sí ọ̀dọ̀ oògùn tí a fi ásẹ́níkì ṣe, Alfred Bertheim sì ń bá a yí i padà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Èyí tí ó gba nọ́ńbà 606 ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1907, wọ́n sì ti kà á sí aláìwúlò. Ní ọdún 1909, Sahachiro Hata, ará Japan, tún un dán wò lára ehoro tí ó ní sífílísì, àrùn ìbálòpọ̀ tí ń jẹ awọ, egungun àti ọpọlọ. Ehoro yá.

Ní ọdún 1910 ni ó kéde rẹ̀. Kí Hoechst tó bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní orúkọ Salvarsan, Ehrlich ti pín bí 65,000 ìgò fún àwọn dókítà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè dán an wò kí wọ́n sì fún un lábọ̀. Oògùn náà le. Afẹ́fẹ́ a máa bà á jẹ́, pípò rẹ̀ sì nílò ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Àwọn kan farapa nínú rẹ̀, àwọn kan sì kú. Kò sí ìròyìn irú bẹ́ẹ̀ tí kò wádìí, ní ọdún 1912 ó sì mú òmíràn tí ó rọrùn jù lọ jáde. Síbẹ̀ àwọn ọ̀tá dìde. Wọ́n ní oníjìbìtì ni, wọ́n ní ó ń fi ipá dán oògùn wò lára àwọn obìnrin aṣẹ́wó, àwọn kan kò sì gbàgbé láti fi kún un pé Júù ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó dé ilé ẹjọ́ ní Frankfurt ní ọdún 1914. Ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn án ni wọ́n jù sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ehrlich borí, ṣùgbọ́n wàhálà náà ti jẹ ẹ́ lára. Ogun Àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, àrùn ẹ̀gbà kọ́kọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kú ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹjọ ọdún 1915 ní Bad Homburg. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Itẹ́ òkú àwọn Júù ní Frankfurt ni wọ́n sin ín sí.

Ohun kan wà tí kò ṣe. Ó mú aró ní ọwọ́ ọ̀tún, ó mú áńtíbọ́dì ní ọwọ́ òsì, kò sì so wọ́n pọ̀. Òun ni ó fi hàn pé ọwọ́ méjì ni oró ní, ọ̀kan fún dídìmú, ọ̀kan fún pípa. Kò ronú pé bí áńtíbọ́dì bá ní ọwọ́ adìmú, ènìyàn lè so àwọ̀ mọ́ ọn níbòmíràn, kí ó lè máa fi ibi tí ó dì mú hàn. Ní ọdún 1934 ni John Marrack ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so aró pupa mọ́ áńtíbọ́dì, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó láti wá nǹkan nínú ẹran ara. Nígbà náà, Hitler ti ń ṣe ìjọba ní Jámánì. Wọ́n yí orúkọ òpópónà tí a fi Ehrlich pè ní Frankfurt padà, Hedwig opó rẹ̀ sì sá kúrò nílùú, ó lọ sí Switzerland, láti ibẹ̀ sí Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1939, nígbà tí nǹkan rí bẹ́ẹ̀, dókítà ọ̀dọ́ kan láti Harvard ní Amẹ́ríkà, Albert Coons, wá lo ìsinmi ní Berlin. Ó ń ro ọ̀rọ̀ ibà kan tí ń ba ọkàn àwọn ọmọdé jẹ́, ó sì ń wá bí yóò ti mọ̀ bóyá ohun tí ó ti ara kòkòrò wá wà nínú ẹran ọkàn náà. Ó wá sọ sí i lọ́kàn pé kí òun so ohun tí ń tàn mọ́ áńtíbọ́dì. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lo èyí tí ń tàn bí aró, ṣùgbọ́n ẹran ara fúnra rẹ̀ a máa tàn díẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, kò sì rọrùn láti mọ èyí tí í ṣe tòótọ́. Wọ́n wá yan fluorescein, aró aláwọ̀ ewé tí Ehrlich fi wo ẹyinjú ẹranko ní ọgọ́ta ọdún ṣáájú. Ní ọdún 1942 ni wọ́n fi í rí ohun tí kòkòrò òtútù àyà fi sílẹ̀ nínú ẹran ara eku.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ náà ti gbòòrò. Wọ́n a gún ehoro tàbí ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ wá, wọ́n a dúró kí ara rẹ̀ ṣe áńtíbọ́dì, wọ́n a fa omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n a sẹ́ ẹ, wọ́n a sì so àwọ̀ mọ́ ọn. Nígbà mìíràn, ehoro ni yóò pèsè èyí tí ń wá nǹkan kàn, ewúrẹ́ ni yóò pèsè èyí tí ń di ti ehoro mú, ara ti ewúrẹ́ yìí ni àwọ̀ yóò sì wà. Ní ọdún 1966, Paul Nakane àti Barry Pierce so ohun kan mọ́ áńtíbọ́dì tí ń sọ omi aláìláwọ̀ di àwọ̀ ilẹ̀ ní ojúkò ibi tí ó bá dì mú, a kò sì nílò ìmọ́lẹ̀ pàtàkì kankan láti rí i mọ́. Ní ọdún 1975, Georges Köhler àti César Milstein ní Cambridge rí ọ̀nà láti mú kí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe áńtíbọ́dì ẹyọ irú kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró, tí ìgò ti òní àti ti ọdún tí ń bọ̀ yóò fi jẹ́ bákan náà. Wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1984.

Bí obìnrin bá ní jẹjẹrẹ ọmú lónìí, wọ́n a gé ẹran kékeré níbẹ̀, wọ́n a là á pẹlẹbẹ ju abala ìwé lọ, wọ́n a sì kán irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀ sí i. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń wá ni HER2, irú ọwọ́ wẹ́wẹ́ kan tí ó máa ń pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì àwọn jẹjẹrẹ kan. Bí àwọ̀ ilẹ̀ bá yọ yí etí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ká gírígírí, dókítà mọ oògùn tí yóò yàn fún un. Láti ọdún 1998 ni oògùn náà ti wà ní títà, trastuzumab ni orúkọ rẹ̀, áńtíbọ́dì sì ni òun náà.